Ìlà Kan Tí Kò Ní Àmì

Láàárọ̀ yìí ni mo tú fọ́nrán òwú kan lára àpò ìrẹsì. Òòfà kékeré tí mo yọ nínú íyápíìsì ni mo fẹ́ so mọ́ ìdí rẹ̀, pẹ̀lú dígí tí kò tó èékánná, kí n sì so gbogbo rẹ̀ rọ̀ sínú ìgò. Ìgò yìí ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ máa ṣọ́ oòrùn ní Ute àti Elegbeka yóò fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó mọ irú ẹni tó so ó. Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó lé lórí fún ọdún kan ààbọ̀ kí n tó jẹ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Akínfẹ́mi ni orúkọ mi. Rédíò àti fóònù ni mò ń tún ṣe ní Emure-Ile. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi. Mo ń tú nǹkan, mo ń tò ó padà, títí tí yóò fi yé mi. Nígbà tí Dókítà Oyèbọ̀dé, olùkọ́ ní iléèwé gíga kan, ń wá ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ohun tí oòrùn ń ṣe sí ayé, èmi ni mo kan àpótí méjì fún un, tí irú ìgò yìí wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá sólà ni mo fẹ́ máa tà. Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Kí ni wọ́n mọ̀? Wọn kò mọ̀ pé oòrùn a máa bì. Tí ó bá bì, ìkùukùu gbígbóná tó ní agbára òòfà nínú á já kúrò lára rẹ̀, á rìn nínú òfuurufú fún ọjọ́ kan tàbí méjì, á sì wá kọlu agbára òòfà tí ayé fi bora. Òòfà inú ìgò á wá yí díẹ̀, láìsí afẹ́fẹ́ kankan. Ojú kò lè rí yíyí náà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tí a tàn sí dígí rẹ̀ á sún ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta lórí rúlà tó wà lára ògiri òdìkejì. Títí di òní, bí mo bá rí i, inú mi a máa dùn bíi tọmọdé.

Àpótí kan wà nílé mi, èkejì wà ní Ute lọ́dọ̀ Rhoda, àgbẹ̀ oníṣu tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Tiwalọlá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni kálukú wa gbọ́dọ̀ ka ibi tí ìmọ́lẹ̀ dúró, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mò ń gun ọ̀kadà lọ gba ìwé tirẹ̀, tí mo sì ń fi kọ̀ǹpútà tẹ tàwa méjèèjì ránṣẹ́ sí Dókítà. Mo fojú kékeré wo obìnrin náà. Nítorí pé irin a máa da òòfà láàmú, ó kó ọkọ́ àti àdá rẹ̀ jáde nínú ilé, ó sì ní kí Akínwọlé ọkọ rẹ̀ máa gbé ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo fi í ṣẹ̀sín, mo ní, "Ìyá Tiwalọlá, ẹ kò ṣe kúkú lé ọkọ yín síta pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀."

Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ló ti ń bọ́ ọ."

Èmi tí mo ń fi í rẹ́rìn-ín, kí ni mò ń ṣe nílé tèmi? Mo ti mọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń gòkè lọ́sàn-án, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, débi pé n kò wò ó mọ́. Mo kàn ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo ń fi báírò kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ náà tán. Wọ́n dán, wọ́n gún régé. Ọ̀lẹ tó mọṣẹ́ burú ju ọ̀lẹ lásán lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 2024, mo ti kọ ìwé mi títí dé ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì náà ni mo lọ sí Ute. Rhoda ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí òun ṣe fẹ́ dìde nídìí àpótí lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ṣàdédé fò sókè. Níbi agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kò kọ nọ́ńbà rárá. Ohun tó kọ, láìsí àmì ohùn kan, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́, ni: "Oorun gbe e lo."

"Oòrùn gbé e lọ, Akínfẹ́mi," ó sọ fún mi. "Mo wá ìmọ́lẹ̀ yẹn lórí rúlà títí. Ara férémù ilẹ̀kùn ni mo ti bá a."

Kí n tó délé, orí fóònù ti kún fún ìròyìn pé oòrùn bì, gbogbo ayé ló sì mì. Ìwé tèmi nìkan ni kò mì. Dókítà ti fi nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, n kò lè ya á. Mo wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo tẹ nọ́ńbà Rhoda sábẹ́ orúkọ mi, mo tẹ irọ́ mi sábẹ́ orúkọ Rhoda.

Dókítà pè mí. Ó ní gbogbo ayé mì, kí ló dé tí Ute kò mì? Ó ní òun fẹ́ rí ìwé obìnrin náà. Mo ṣì lè sọ òtítọ́ nígbà náà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ya fọ́tò ìlà kan ṣoṣo yẹn ránṣẹ́ sí i, mo sì kà á sí i létí fúnra mi.

"Oorun gbé e lọ, sà. Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ ọ, bàbá náà sì sùn lọ. Orí ni wọ́n ti ro ìyókù."

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Dókítà, kò sí Yorùbá tí kò lè kà. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí àmì, ohun tí mo ní kó rí ló rí. Ó pòṣé, ó ní kí n lọ gbé àpótí òun wá. Mo lọ gbé e. Mo sọ fún Rhoda pé nọ́ńbà rẹ̀ kò dára. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ohun tí mo fojú rí ni mo kọ." Wọ́n tẹ orúkọ mi sínú ìwé ìwádìí, wọ́n fún mi níṣẹ́ olóṣù nídìí ẹ̀rọ tuntun kan ní Elegbeka, tó ń fi bátìrì ka òòfà fúnra rẹ̀. Ojú kò tì mí. Mo tún ń fi Dókítà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi pé ohun tí a bá ti fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ni ó ń gbàgbọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, oòrùn tún bì. Bátìrì ẹ̀rọ tuntun ti kú, a kò rí nǹkan kan kọ. Bí mo ti ń lọ sí Elegbeka, òjò lé mi wọ ilé Rhoda. Mo rí ìgò lórí òkúta. Mo rí rúlà lára ògiri. Fúnra rẹ̀ ló so ó. Ìwé mẹ́ta wà níbẹ̀, kò fo ọjọ́ kan. Mo bi í ta ni ó ń kọ ọ́ fún.

Ó ní, "Oòrùn kò mọ̀ pé wọ́n ti lé mi."

Mo dúró síbẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀, ìwà mi sì ń rí mi lára. Lọ́jọ́ kejì, mo kó ìwé tèmi àti tirẹ̀ lọ bá Dókítà, mo jẹ́wọ́, mo sì mú báírò fi àmì sórí ìlà náà níṣojú rẹ̀: Oòrùn gbé e lọ. Ó wò ó títí.

"Akínfẹ́mi," ó ní, "ì bá sàn kí o ti sùn lóòótọ́."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi parí sí. Wọ́n kọ̀wé láti dá nọ́ńbà Rhoda padà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Òun ni olórí gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ oòrùn báyìí, òun ló sì ní kí n kọ èyí síwájú ìwé yín. Ní Ute, Bọ̀dá Oorun ni wọ́n ń pè mí, ó sì tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ti mọ iṣẹ́ kan débi pé ẹ lè purọ́ rẹ̀, ẹ bẹ̀rù ara yín.

Mo ti so òòfà náà tán. Kí n tó gbé e wọlé, Rhoda ní kí n bọ́ bẹ́líìtì mi sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ mì lórí rúlà, ó rọra dúró. Mo ní kí Rhoda jọ̀wọ́, kó dárí jì mí. Ó tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ náà pẹ́.

"Òwú náà dára," ó wí. Ó na báírò rẹ̀ sí mi, ó ní kí n kọ ẹni tó so ó àti ẹni tó ń kà á sínú ìwé. Mo kọ ọ́: Akínfẹ́mi ló so ó, Rhoda ló ń kà á. Ó dúró tì mí títí mo fi fi àmì sí gbogbo rẹ̀.