Bánà Tí Wọ́n Lẹ̀ Nílé

Ẹ̀pà ni ìyàwó mi ń jẹ lọ́jọ́ tí a jọ wà kẹ́yìn, nínú ọkọ̀ tó ń ti Ilé-Ogbó bọ̀ ní Ìwó, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tú bánà àwòrán ìyá wọn, tí wọ́n fi pírintà ilé tẹ̀ ní pépà-pépà tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti lẹ ẹnu Màmá sókè ojú wọn!"

"Ìwọ lo to pépà fún mi."

"Wọ́n á ti Mẹ́kà dé nírọ̀lẹ́ yìí o!"

"Ká lẹ ìbòjú bò ó. Ṣebí Àlàájà ni wọ́n báyìí."

Títí a fi délé ni ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín: "Ṣebí Àlàájà ni wọ́n báyìí!"

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, bánà fídáù rẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ dá ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ ní pépà-pépà, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo sì gbé e kọ́.