Tóbilọ́ba Fi Ayùn Gé Mọ́tò Ìkòkò Mi

Tóbilọ́ba! Ẹn-ẹ́n, mo pe orúkọ ẹ gan-an, kí gbogbo Jikwoyi gbọ́! Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wọlé ẹ̀gbọ́n ẹ, mi ò pè ọ́ lórúkọ rí, "Akọ̀wé mi" ni mò ń pè ọ́, "ẹ" ni mò ń sọ fún ọ, ìwọ tí o ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé nígbà tí mo dé, torí pé wọ́n ní ọmọ ọkọ lọkọ. Ó tán! Ọkọ wo ló ń gé ìyàwó ẹ̀ lẹ́sẹ̀?

Má dá mi lóhùn. Jókòó.

Kí lo sọ fún mi ní Fúráìdè? O ní kí n yá ọ ní mọ́tò Gọ́ọ̀fù tí ẹ̀gbọ́n ẹ kú fi sílẹ̀, tí mo fi ń kó ìkòkò, tí mo fi ń jẹun, o ní o fẹ́ gbé e lọ síbi tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ níléeṣẹ́ ìjọba ti ń kó mọ́tò jọ wò. Èmi òmùgọ̀! Mo ní opó tó bá fi ohun ọkọ du ará ilé ọkọ, wọ́n á ní òun ló pa á. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ, mo tún gbá koríko kúrò nínú búùtù kí aṣọ ẹ má baà dọ̀tí!

Kai! O gbé e dé ní Sọ́ńdè, mo rò pé táyà ló jò. Mọ́tò ti fi ikùn lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Mo ní kí ló ṣe é, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, ohun tó lòde nìyẹn. O ní sípíríǹgì kúkúrú tó ń mú mọ́tò rẹlẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà, ju agbára ẹ lọ, lo bá ní kí Màmúdù mẹkáníìkì tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nídìí ẹ̀, kó fi ayùn gé wọn lórí. Ayùn, Tóbilọ́ba! Ṣé igi ìdáná ni?

Mo fi agídí wà á lọ Kwali lánàá, torí Lydia amọ̀kòkò ti kó ìkòkò jáde nínú iná, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo tẹ́ koríko, mo tò wọ́n bí mo ṣe máa ń tò wọ́n, ọgbọ̀n ìkòkò òdòdó fáwọn tó ń kọ́lé l'Órozo. Kòtò kékeré, gbàà! Bọ́ǹpù, gbàà! Mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi tí wọ́n ń là lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa ẹ̀pà. Mélòó ló délé? Mẹ́rin! Mẹ́ta nínú wọn sì ti sán.

Oníbàárà ti lọ. Lydia ní tí mi ò bá wá kó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Waliyat tóun náà ń ta ìkòkò á gba àyè mi, bọ́ọ̀sì tiẹ̀ wà nílẹ̀. Kí ni kí n fi lọ? Ọ̀kadà? Mo bi Màmúdù bóyá ó ṣe é lẹ̀ padà, ilẹ̀ ló ń wò, ó ní àfi ká ra tuntun. Ta ló fẹ́ rà á? Ìwọ tí o ò rówó tí wàá fi bà á jẹ́ dáadáa?

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè! O ní... o ní ṣé mi ò rí bó ṣe rẹwà ni?

Há! Háháhá! Jésù gbà mí! Òótọ́ ni, ó rẹwà. Ẹ̀gbọ́n ẹ náà rẹwà nínú pósí, gbogbo ayé ló sọ ọ́. Ṣé ó dìde lọ síbi iṣẹ́?