Ẹ̀jẹ̀ Ara Mi Ni Mo Fi Tan Ìyá Wa Jẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Gbogbo ará ilé wa kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló bàjẹ́, tí a kò fi tètè mọ̀ pé àbúrò mi obìnrin ń kú lọ. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Èmi ni mo bàjẹ́.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra láti kékeré, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló sì ń gbé e ró. Nígbà tí ìtọ́jú bá a lára mu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, mo bá sọ ọ́ ní Tìmùtìmù. Àwàdà ni lójú tèmi, èmi ọ̀mọ̀wé aláìmọ̀kan! Orúkọ náà bá a dé ilé-ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Tìmùtìmù, súnmọ́ bí, ká jókòó lé ọ." Òun náà á rẹ́rìn-ín, èmi sì gba ẹ̀rín yẹn gbọ́.

Ohun tó bá rú mi lójú kì í jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ títí n ó fi rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo dé láti yunifásítì fún ìsinmi, mo rí i pé àbúrò mi ń mumi bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n, aṣọ ń tú lára rẹ̀, ìgò oògùn rẹ̀ kò sì dín. Mo mọ̀ ọ́n: ó ń fo abẹ́rẹ́ kó lè rù. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Inú mi dùn pé mo já a.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi. Ẹ ò rí i pé mo ti ń lẹ́wà?"

"Ta ló ní o ò lẹ́wà tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ mí lórúkọ?"

Ó wá ní kí n yá òun ní ìka kan. Láràárọ̀, bí oòrùn bá ń yọ́ gba inú kọ́tìnnì wọlé, tí ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi ń dún ní pálọ̀ bí òjò ọ̀nà jíjìn, n ó gún ìka mi ní yàrá, n ó kán ẹ̀jẹ̀ mi sí ẹ̀rọ ṣúgà, àbúrò mi á gbé e lọ fi han Màámi bíi pé tirẹ̀ ni.

"Wò ó bó ṣe dáa! Ọmọ mi ti ń gbọ́ràn." Màámi á tún rán ìbàdí aṣọ àbúrò mi wọlé, á ní, "Ọmọge ti dé nìyẹn!" Ilé wa wá dà bí inú àlá. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì ń fúyẹ́ bí òwú, àfi bíi pé atẹ́gùn ojú fèrèsé máa gbé e lọ.

Èyí tó burú jù rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, ó ń bì, ó ń mí gúlegúle, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù. Màámi ní, "Ká máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibo ni mo fi awò ojú mi sí?" Ó yíjú sẹ́yìn. Àbúrò mi ń wò mí. Ọwọ́ mi bá gbéra. Irọ́ ni, èmi ni mo gbé e. Kí Màámi tó rí awò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ti wà lára ẹ̀rọ níbi tó yẹ kí ti àbúrò mi wà.

Màámi wo ẹ̀rọ, ó ní, "Ṣúgà dáa. Inú ló ń run ún. Kó sùn díẹ̀."

Ó sùn. Nígbà tí a jí i, kò jí.

Ilé ìwòsàn ló ti padà lajú. Àná, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dá a padà sílé, ẹ̀rọ tuntun ti wà nínú báàgì Màámi, àbúrò mi sì fà mí mọ́ra, ó sọ sí mi létí pé, "Bùrọ̀dá, ìka yín ṣì wà níbẹ̀, àbí?"

Nígbà náà ni mo ké pe dókítà, mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Dókítà ní fífo tó ń fo abẹ́rẹ́ kì í ṣe agídí. Ó ní àìsàn ni, ó máa ń lúgọ de àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ tó ń bàlágà, àwọn yóò sì wá ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ara rẹ̀ kó tó lọ sílé. Màámi ní, "Ẹ̀jẹ̀ tìẹ ni mo ń dúpẹ́ lé lórí láràárọ̀?" Àbúrò mi kọjú sí ògiri, ó ní òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Màámi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá fi àṣírí tó lè pa á pamọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ pariwo. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó ń bínú ṣì ń mí.