Ẹnu Tó Jẹ Oúnjẹ Ìyá Àgbà

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀yin tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí n tó kú, torí kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ mọ ilé ìsinmi wa: ẹṣin tí kò lè gbéni mọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn, ewúrẹ́ tí olówó rẹ̀ ò fẹ́ mọ́. Nígbà tèmi, abo ẹṣin kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó ti gbé ọmọ ilé ìwé sẹ́yìn títí ó fi darúgbó, tí eyín fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin tó dá ilé náà sílẹ̀, kọ́ mi bí mo ṣe máa bọ́ ọ. Ó ní, “Ẹ rẹ oúnjẹ rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ìka yín á fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kẹ́ ẹ wá dúró tì í o. Àgbà kì í kánjú jẹun.”

Ìdúró yẹn ń gba wákàtí kan gbáko. Mo ṣe é fún oṣù mélòó kan, ó sú mi. Ọ̀lẹ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n pe ara mi bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pè mí. Mo wá ń da oúnjẹ gbígbẹ sínú garawa, màá sì lọ jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé. Ìyá Àgbà ò lè rún un, ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á na ọrùn kọjá, á jẹ gbogbo rẹ̀. Òun nìkan la jọ mọ̀ ọ́n, kò sì lè rojọ́. Bí mo bá padà dé, garawa á ti ṣófo, màá wá kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn: Ó jẹ ẹ́ tán.

Ìyá Àgbà rù títí èèyàn fi lè ka egungun ìhà rẹ̀. Dókítà ẹran wo ìwé mi, ó mi orí. “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ló ń jẹun?”

“Ó ń jẹ ẹ́ tán, dókítà.”

“Ẹni tó ń jẹun báyìí tó tún ń rù, àìsàn inú rẹ̀ ti le. Ẹ má jẹ́ ká fìyà jẹ ẹ́ mọ́.” Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tó máa pa á láìní ìrora, sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá wa rẹ oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, pé kí ó má lọ tòun ti ebi. Ìyá Àgbà ki ẹnu bọ garawa. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìsàlẹ̀ garawa, ó gbé orí sókè, ó ń wo ọwọ́ wa. Ọ̀gá wa bú sẹ́kún. “Ẹ ò rí i? Bí ìwé ṣe sọ gẹ́lẹ́ ni. Ó ń jẹun títí dọjọ́ ikú.”

Dókítà ṣì ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi ì bá dá a sí. Èmi ni mo di okùn rẹ̀ mú, mo sì pa ẹnu mọ́. Ó ń fi imú wá inú àpò mi bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀, kí ó tó ṣubú.

Eyín ti tán lẹ́nu tèmi náà báyìí. Ọmọbìnrin mi ń rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́, á jókòó tì mí títí n ó fi gbé e mì, kì í kánjú. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìyà ni mo ń retí, ìtọ́jú ni mo rí, ìyẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́kún.

Ọ̀gá wa ti kú, mi ò rí i bẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Bí ẹ bá lè forí jì mí, ẹ ṣeun. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà dúró ti garawa, kí ẹ fi ojú ara yín rí ẹnu tó ń jẹ ẹ́, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú ìwé yẹn.