Bàtà Òjò Tó Ń Jò Lẹ́sẹ̀ Òsì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí n rí ibi tẹ́ ìtàn mi sí. Ọ̀rọ̀ bàtà òjò kan ni, bàtà tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn láìṣẹ̀. Bàbá Àbáyọ̀mí jẹ́ onílé ní Ìbà, níbi tí omi ti ń gba ọ̀nà mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Títílọpẹ́ ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Ìjànìkin. Bàbá ló pè é lórí fóònù. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

[Òjò ń rọ̀ sórí páànù.]

LỌPẸ́: Hẹ̀lóò, Bàbá mi, ẹ kú òjò o. Ṣé ẹ ti lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín—

BÀBÁ: A dúpẹ́, a dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ó dáa. Lọpẹ́, bàtà tí o rà fún mi yẹn, ayédèrú ni.

LỌPẸ́: Bàtà wo?

BÀBÁ: Bàtà òjò. Ó ń jò.

LỌPẸ́: Bàbá, ó ti rẹ̀ mí lónìí, please. Bàtà yẹn ò tíì pẹ́ rárá.

BÀBÁ: Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹsẹ̀ òsì ló ń jò. Láti ìjẹta ni ìbọ̀sẹ̀ mi ti ń tutù rinrin. Ṣé o gbọ́ mi?

LỌPẸ́: Mo gbọ́ yín. Ṣé ẹ tún sá a sóòrùn ni?

BÀBÁ: Oòrùn wo? Oòrùn tó ti kó ẹrù ẹ̀ lọ—

LỌPẸ́: Sítóòfù ńkọ́?

BÀBÁ: Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ díẹ̀.

LỌPẸ́: Ẹ̀n-ẹ́n! Rọ́bà ni, Bàbá. Iná á jẹ́ kó sán. Ṣebí mo ní kí ẹ fi omi tútù ṣan ẹrẹ̀ ara ẹ̀, kí ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú ẹ̀, kí ẹ wá dorí ẹ̀ kodò sórí igi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó gbẹ kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́.

BÀBÁ: Kó gbẹ kẹ̀? Bí mo bá ń dúró de bàtà, ta ni yóò kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà? Láyé bàbá mi, ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ irà Ìbà yìí, ẹja àrọ̀ á máa gba àárín ìka ẹsẹ̀ wa kọjá, a ò sì—

LỌPẸ́: Bàbá, níbo ni bàtà náà wà?

BÀBÁ: Ó wà lọ́wọ́ mi. Mò ń fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Orí sípíkà lo wà.

[Búrọ́ọ̀ṣì ń ha rọ́bà.]

LỌPẸ́: Ẹ bu omi sínú ẹ̀, kí ẹ gbé e sókè. Ibo ni omi ti ń yọ?

BÀBÁ: Dúró ná. Kò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìsàlẹ̀ ló ti ń kán, tó, tó.

LỌPẸ́: Ìsàlẹ̀? Sítóòfù kọ́ nìyẹn. Ṣé ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?

BÀBÁ: Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Jẹ́ kí n ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ wò— Yéè! Ó gún mi o!

LỌPẸ́: Kí ló gún yín? Bàbá! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Ìṣó ni. Ẹrẹ̀ ló bo ìdí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti yọ sínú bàtà. [Ó rẹ́rìn-ín.] Áà, mo mọ ìṣó yìí. Èmi ni mo kàn án mọ́ pákó tí à ń gùn jáde lẹ́nu géètì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló tẹ̀lé mi wọlé! Wò ó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí.

LỌPẸ́: Ó dùn yín lọ́wọ́.

BÀBÁ: Mo ní ó dùn mí.

LỌPẸ́: Láti ìjẹta tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, kò dùn yín lẹ́sẹ̀?

[Òjò lórí páànù.]

LỌPẸ́: Bàbá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́ ọ. Kò dùn mí.

LỌPẸ́: Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè.

BÀBÁ: Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ni, ó ti yi—

LỌPẸ́: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi.

BÀBÁ: Ihò kan wà níbẹ̀. Kékeré ni. Etí ẹ̀ funfun. Ó ń rùn díẹ̀. Mo ti ń ṣe bí bàtà ló ń rùn. Má bẹ̀rù, kò dùn mí rárá.

LỌPẸ́: Èyí tí kò dùn yín yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù! Ṣé kì í ṣe bí ẹsẹ̀ ṣúgà ti Àǹkù Ṣàngódèyí àbúrò yín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Ẹsẹ̀ mélòó ló kù fún wọn báyìí?

BÀBÁ: Ẹyọ kan.

LỌPẸ́: Ọsibítù, lónìí. Mò ń bọ̀. Mà á pàdé yín ní Ìyànà Ìbà.

BÀBÁ: Ó ti yá. Jẹ́ kí n fi bàtà náà wọ́ ara mi dé títì—

LỌPẸ́: Ẹ má wọ̀ ọ́! Omi gọ́tà á tún gba ihò yẹn wọlé. Ṣé Táyọ̀ wà nílé?

BÀBÁ: Táyọ̀ ayálégbé? Kó wá ṣe kí ni?

LỌPẸ́: Kó pọ̀n yín dé títì.

BÀBÁ: Kó pọ̀n— Lọpẹ́! Èmi onílé? Kí gbogbo àdúgbò rí mi lẹ́yìn ọmọ tí mo fún ní kọ́kọ́rọ́?

LỌPẸ́: Nígbà tí omi gba ilé wa, tí mo ṣì wà ní praimárì, ẹ̀yìn ta ni mo wà?

[Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.]

LỌPẸ́: Gbogbo àdúgbò rí mi níbẹ̀. Ojú ò tì mí.

BÀBÁ: Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ká kó ẹrẹ̀ lónìí, kí omi tún gbé e padà lọ́la. Ó ti rẹ̀ mí.

LỌPẸ́: Mo mọ̀, Bàbá.

BÀBÁ: [Ó ń ké.] Táyọ̀! Táyọ̀ o! Wá gbé mi! [Ó rẹ ohùn sílẹ̀.] Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ ki ìwé bọ bàtà yìí—

LỌPẸ́: Ẹ fi bàtà sílẹ̀! Ẹ má tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ mọ́! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Ẹyọ kan ló bàjẹ́. Èkejì ṣì— Ṣé o gbọ́ mi? Èkejì ṣì dára. Bá mi—

[Ìpè já.]

Táyọ̀ tó gbé Bàbá sẹ́yìn la omi kọjá ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun gbé e dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni baba náà ti sọ̀rọ̀ sí i létí, jẹ́jẹ́: “Rọra tẹ pákó yẹn. Èmi ni mo kàn án.”