Ẹni tó fa wáyà géèmù já

Ní ṣọ́ọ̀bù atúngéèmù-ṣe kan ní Òṣogbo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya àgbàlagbà kan. Atúnṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé wáyà díráìfù tó ń ka díìsìkì inú géèmù bọ́ọ̀lù wọn ló já, òun máa pààrọ̀ ẹ̀.

"Kò já fúnra ẹ̀, Dádì," ni ìyàwó wí. "Èmi ni mo tú u, tí mo fà á já."

"Ìwọ kẹ̀? Kí ló ṣe fún ẹ?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan lẹ ń bá ṣeré."

Òun nìkan lẹ ń bá ṣeré! Bàbá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí atúnṣe fi wáyà tuntun sí i, "kó o wá páàdì kejì fún ìyàwó mi."

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbá o."

"Màá kọ́ ẹ."

"Ẹ ò gbọdọ̀ pariwo lé mi lórí o."