Gáàsì Tí Kò Rùn Tí Mo Tà fún Ìyá Sófíà

Mò ń fọ aṣọ ọmọ mi kékeré lọ́wọ́ nígbà tí aládùúgbò mi kan yọjú, tó ní iná ti jó Ìyá Sófíà tí wọ́n máa ń dín dùndú ní àdúgbò Tanke. Ọwọ́ àti ojú ni. Mo ń fọ aṣọ mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tó fà á, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Kẹ́míkà kan tó ní imí-ọjọ́ nínú ni wọ́n máa ń fi sí i, òun ló ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, kí èèyàn lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, gáàsì tí ọkọ̀ já fún wa kò rùn rárá. Mo sọ fún Alhaji, ọ̀gá wa. Wọ́n ní àwọn tó ń kó kẹ́míkà náà wá ò tíì rí i kó, pé ká ṣáà máa tà á.

Ká ní mo dákẹ́ lásán ni, ì bá sàn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa gbà tẹ́lẹ̀ pé gáàsì tó ń rùn ni ayédèrú. Ìyá Sófíà dé, wọ́n ní, "Ìyá Fáìdá, tòní ò mà rùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ojúlówó nìyẹn, Ìyá. Ẹ jẹ́ n rọ ọ́ kún fún yín."

Ó jò nílé ìdáná wọn, wọn ò gbóòórùn kankan, wọ́n ṣá ìṣáná.

Èmi àti Fáìdá, ọmọ mi àgbà, lọ kí wọn ní ọsibítù. Wọ́n ní kádàrá Ọlọ́hun ni, pé bóyá àwọn ni ò ti gáàsì dáadáa. Ọkọ wọn jókòó síbẹ̀, ó ní aláìbìkítà ni wọ́n, wọn ò gbọdọ̀ dáná tà mọ́ láéláé. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn.

Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi lè bọ́, ọlọ́pàá sì lè mú mi, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Ìyá Sófíà ni àbí ọkọ wọn?

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa bọ̀, Fáìdá bi mí bóyá Ìyá Sófíà ò mọ iná dá ni. Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n dá. Mo ní, "Èmi ni mo purọ́ fún wọn. Má tíì sọ fún dádì ẹ."